Kóòdù tó ń kọ log ètò fáìlì wa ti díjú jù: báwo la ṣe lè mú un rọrùn láìpàdánù dátà?

ỌmọAgbowó
Ọjọ́ Ajé, 8:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tó ń ka òjò àti ọ̀rinrin ilẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ lágbègbè Akínyẹlé, láti Mọ́níyà lọ sókè. Sólà ló ń fún un níná, orí mẹ́mórì káàdì ló sì ń kọ gbogbo ohun tó bá kà sí. Tí ojú ọjọ́ bá ṣú títí, bátìrì á tán, ẹ̀rọ á kú lójijì. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ètò fáìlì tiwa, ìyẹn kóòdù tó ń to fáìlì sórí káàdì, tó ní log. Kó tó fọwọ́ kan inode (àkọsílẹ̀ tó ń sọ gígùn fáìlì àti ibi tí dátà rẹ̀ wà), bitmap (àkọsílẹ̀ ibi tó ṣófo àti ibi tí a ti lò) tàbí fódà ní ààyè wọn gan-an, á kọ́kọ́ kọ àyípadà náà sínú log. Tí ẹ̀rọ bá kú, tó sì tún jí, á ka log náà, á parí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Oríṣi nǹkan mẹ́rin la ń kọ sí log, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní function (apá kóòdù) tirẹ̀ tó ń kọ tààrà sínú buffer, ìyẹn ààyè inú mẹ́mórì tí nǹkan ń dúró sí kó tó lọ sórí káàdì. Buffer kan jẹ́ 32KB. Function kọ̀ọ̀kan ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá buffer ti fẹ́ kún. Tó bá kún láàárín inode, á gé e sí méjì, á kọ header (àkọlé kékeré tó ń ṣáájú dátà) "mò ń bọ̀" sínú buffer tó kàn, á sì máa rántí ibi tó dé. Gígé yìí wà níbi mẹ́rin nínú kóòdù, kò sì sí méjì tó jọra nínú wọn. Function kan tún wà tó ń kọ́kọ́ ṣírò iye header tí a máa nílò. Tí ìṣirò rẹ̀ àti ohun tí a kọ gan-an kò bá bára mu, àtúnkà log á dúró lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ ò ní ṣí fáìlì kankan.

Mo fẹ́ kó rọrùn débi pé ẹni tó bá dé bá wa lọ́la á lè kà á kó yé e. Àmọ́ mi ò fẹ́ gé ohun tó ń dáàbò bo dátà àwọn èèyàn yìí. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ọ̀jọ́ọ̀
Ọjọ́ Ajé, 9:20 àárọ̀

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Fi ext4, ètò fáìlì Linux, sórí káàdì yẹn. Láti ẹ̀yà 2.6.28 lọ́dún 2008 ni wọ́n ti kà á sí ohun tó dúró dáadáa nínú Linux, ext3 tó bí i sì ti wọlé láti 2001. Tí o bá ń bẹ̀rù fún dátà, ṣí i pẹ̀lú data=journal, kí dátà fúnra rẹ̀ náà máa gba inú log kọjá. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ohun tí àwọn àgbà ti parí?

ỌmọAgbowó
Ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, sà. Kò sí Linux lórí ẹ̀rọ wa. Microcontroller ni, kọ̀ǹpútà kékeré inú ṣíìpù kan ṣoṣo, mẹ́mórì rẹ̀ kò ju 512KB lọ. Mi ò lè gbé ext4 síbẹ̀.

Àpáta_Elẹ́rọ
Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Ṣé ẹ ti wo ètò fáìlì littlefs? Irú ẹ̀rọ tí ẹ ní yìí gan-an ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì ṣe é kí ó lè fara da kí iná já láàárín iṣẹ́. Kò ní log ńlá kan ṣoṣo. Fódà kọ̀ọ̀kan ló ní block (ìpín ààyè lórí káàdì) méjì tí wọ́n ń gbapò ara wọn, àyípadà kéékèèké á máa tò tẹ̀ lé ara wọn nínú ọ̀kan títí á fi kún, lẹ́yìn náà á kó èyí tó ṣì wúlò lọ sínú ìkejì. Tí iná bá já, ọ̀kan nínú méjèèjì á ṣì pé.

Tí ó bá ṣe iṣẹ́ yín, ẹ lò ó. Tí ẹ bá sì ní ìdí tí ẹ fi ń kọ tiyín, ó kéré tán, ẹ kà á kí ẹ rí bí kóòdù wọn ṣe kéré tó.

Ìyá Sáfà
Ọjọ́ Ajé, 12:48 ọ̀sán

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má tíì ní kó da kóòdù rẹ̀ nù. Mo ti ń tọ́jú sáfà nílùú Ìbàdàn yìí láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ yín ṣì wà ní pámárì, ètò fáìlì XFS ló sì wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó ṣàpèjúwe yìí, XFS kojú rẹ̀ rí, ọ̀nà tí wọ́n gbà bọ́ níbẹ̀ sì ṣeé kọ́.

Ilé iṣẹ́ SGI ló bẹ̀rẹ̀ XFS ní 1993 fún IRIX, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tiwọn, kó tó wá dé Linux. Láyé ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí transaction kan (àkójọ àyípadà tó gbọ́dọ̀ wọlé papọ̀) bá parí ni wọ́n ń da ohun tó wà nínú rẹ̀ tààrà sínú buffer log. Tí o bá ṣẹ̀dá ọgọ́rùn-ún fáìlì nínú fódà kan, block fódà yẹn á wọ inú log nígbà ọgọ́rùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti yí padà lára rẹ̀ ṣáájú. Dave Chinner ló darí àyípadà tó tún èyí ṣe. Tí transaction bá parí, wọ́n á ṣe ẹ̀dà àyípadà náà sínú mẹ́mórì, wọ́n á so ó mọ́ àtòkọ kan tí wọ́n ń pè ní CIL. Tí nǹkan kan náà bá tún yí padà kí àtòkọ yẹn tó lọ sórí dísíìkì, ẹ̀dà tuntun á gba ààyè ti àtijọ́. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ń dé inú log. Ó wọlé gẹ́gẹ́ bí àdánwò nínú Linux 2.6.35 lọ́dún 2010. Nígbà tí yóò fi di 2.6.39 lọ́dún 2011, òun ni XFS ń lò àyàfi tí èèyàn bá ní òun ò fẹ́.

Ohun tó kàn ọ́ níbẹ̀ ni pé wọ́n ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀. Ẹni tó ń di àpò ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà kò sí lára àwọn tó ń tò ó sínú ọkọ̀, ẹni tó ń tò ó kò sì ní tú àpò wò kó tó gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí kóòdù rẹ rí. Oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní function kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ sínú mẹ́mórì, nígbà tí lock (ìdènà tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án) ṣì wà lórí nǹkan náà. Function yẹn kò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé buffer wà láyé. Lẹ́yìn náà, function kan ṣoṣo ló ń da àwọn ẹ̀dà yẹn sínú buffer, òun náà kò sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá inode ni tàbí bitmap. Báìtì lásán ló ń rí.

Ọ̀rọ̀ lock yẹn ṣe pàtàkì o. Tí o bá tú lock kí o tó ṣe ẹ̀dà, ẹlòmíràn lè ti yí inode padà dé ìdajì nígbà tí o ń dà á kọ. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí lo máa gbé sínú log.

Ní ti ìṣirò header tó ń dà ọ́ láàmú, XFS ṣì ní irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn CIL. Header kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 12. Wọ́n á kọ́kọ́ rìn yí gbogbo ẹ̀dà ká láti ka iye header tó máa wà, wọ́n á tún wá máa kọ header tuntun sínú buffer bí wọ́n ṣe ń da ẹ̀dà kọ. Function tó ń ṣe é, xlog_write, wá di ohun tí ẹ̀rù ń ba èèyàn láti fọwọ́ kàn. Nígbà tí wọ́n tún un kọ, tó wọ Linux lọ́dún 2022, wọ́n jẹ́ kí header wà pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà náà. Bí function kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe ẹ̀dà ló ń fi header síwájú rẹ̀, tó sì ń ro gígùn pọ̀. Kí xlog_write tó fọwọ́ kan báìtì kan, gígùn gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀, kò sí ìṣirò kejì tí yóò máa ta ko ti àkọ́kọ́. Ọ̀nà méjì ló kù. Bí ẹ̀dà bá wọ inú buffer tán, dà á síbẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́ tán, function kan ṣoṣo ló mọ bí a ṣe ń gé e tí a sì ń fi header "mò ń bọ̀" sí ìyókù. Ibi mẹ́rin tí o ti ń gé nǹkan á di ọ̀kan.

Nínú gbogbo eléyìí, wọn kò yí bí log ṣe rí lórí dísíìkì padà. Èyí tí o ti kọ tẹ́lẹ̀ á ṣì ṣeé kà.

Mọ́kọ́lá_Kernel
Ọjọ́ Ajé, 2:15 ọ̀sán

Ẹ kú àlàyé, mà. Mo fara mọ́ yíya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀rọ kékeré, mo rí ọ̀nà tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tí oríṣi mẹ́rin fi wà nínú log rárá?

ext3 àti ext4 kò bìkítà bóyá inode ló yí padà tàbí fódà. Odindi block tí nǹkan náà wà nínú rẹ̀ ni jbd2, kóòdù tó ń bójú tó log wọn, ń gbé sínú log. Block ìtọ́ka kan á ṣáájú, á sọ ààyè tí block kọ̀ọ̀kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń gbé lórí dísíìkì. Àwọn block fúnra wọn á tẹ̀ lé e, block commit, àmì pé transaction ti pé, á sì parí ọ̀rọ̀. Header ìbẹ̀rẹ̀ kò ju báìtì 12 lọ: nọ́ńbà àmì 0xC03B3998, oríṣi block, àti nọ́ńbà ìtẹ̀léra transaction. Kò sí gígé kankan, torí ìwọ̀n kan náà ni gbogbo nǹkan. Àtúnkà ò ju kí o dá block padà sí ààyè rẹ̀. Tí iná bá tún já láàárín àtúnkà, bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ibi kan náà lo máa bá ara rẹ.

Ohun kan ló wà láti ṣọ́. Tí block kan bá ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àmì yẹn, àtúnkà lè rò pé header ni. jbd2 máa ń sọ báìtì 4 àkọ́kọ́ yẹn di òdo nínú log, á sì fi àmì sínú block ìtọ́ka kí àtúnkà lè dá a padà.

ỌmọAgbowó, function mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, pa gbogbo wọn rẹ́.

Adúrótì
Ọjọ́ Ajé, 3:02 ọ̀sán

Mọ́kọ́lá, o fi nǹkan ńlá kan sílẹ̀ níbẹ̀.

Ká ní block kan jẹ́ ti fódà lánàá, ó sì wà nínú log. Lónìí wọ́n pa fódà yẹn rẹ́, wọ́n fún fáìlì òjò ní block náà, dátà sì ti wọ inú rẹ̀ tààrà láìgba inú log. Iná já. Àtúnkà bá block fódà àtijọ́ nínú log, ó dá a padà sí ààyè rẹ̀ bí o ṣe ní kó ṣe. Dátà àgbẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sì sí àmì kankan tí yóò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí jbd2 fi ní àkọsílẹ̀ revoke nìyẹn, èyí tó ń sọ pé "ẹ má dá block yìí padà mọ́ láti ibi báyìí sẹ́yìn". Ìdí kan náà ni àtúnkà rẹ̀ fi máa ń gba inú log kọjá ní ìgbà mẹ́ta: àkọ́kọ́ láti mọ ibi tí log parí sí, ìkejì láti kó gbogbo revoke jọ, ìkẹta ló ń wá dá block padà. Ọ̀nà tí o ní ó rọrùn yẹn ní ìdíjú tirẹ̀. Ẹ̀yìn ló fara pa mọ́ sí.

Tún wo ìwọ̀n. Inode báìtì 256 yí padà, o gbé block 4096 sínú log. Ìlọ́po 16 nìyẹn, lórí mẹ́mórì káàdì tí ìgbà tó lè kọ nǹkan ní òǹkà.

Mọ́kọ́lá_Kernel
Ọjọ́ Ajé, 3:40 ọ̀sán

Òótọ́ ni ti revoke. Ṣùgbọ́n kò di dandan kó ní in. Òfin kan ṣoṣo tó: block tí a bá gbà lọ́wọ́ fódà tàbí inode, ẹ má fún ẹnikẹ́ni títí ìrù log (ibi tí àtúnkà ti ń bẹ̀rẹ̀) á fi kọjá àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Nígbà yẹn, kò sí ohun tí àtúnkà lè dá padà sórí rẹ̀. Ààyè díẹ̀ lórí káàdì lẹ máa pàdánù fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kóòdù revoke ò ní sí rárá.

Ní ti ìlọ́po 16, inode tó bá wà nínú block kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ni block náà ń wọ inú log nínú transaction kan, bó ti wù kí inode tó yí padà nínú rẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ̀rọ tó ń kọ òǹkà òjò kò ní fáìlì tó pọ̀.

ỌmọAgbowó
Ọjọ́ Ajé, 7:26 alẹ́

Ẹ ṣé gbogbo yín. Mo ti ń kà á láti ọ̀sán.

Bí ẹ̀rọ wa ṣe ń ṣe nìyí: fáìlì kan fún ọjọ́ kan, à ń fi báìtì díẹ̀ kún un léraléra. Inode kan ṣoṣo ló ń yí padà jù, àti bitmap lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rò pé ọ̀nà Ìyá Sáfà ló bá wa mu. Tí inode kan bá yí padà léraléra kí log tó lọ, ẹ̀dà kan ló máa wọlé.

Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn ẹ̀dà inú mẹ́mórì yẹn, kí ni yóò dá wọn dúró kí wọ́n má gba gbogbo 512KB? Èkejì, flush méjì (àṣẹ fún káàdì pé kó kọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá) là ń ṣe báyìí fún commit kan: kọ àwọn àkọsílẹ̀, flush, kọ commit, flush. Orí káàdì, flush ló ń pẹ́ jù, òun ló sì ń jẹ bátìrì. Ṣé ọ̀nà wà láti yọ ọ̀kan?

Akọ̀wé_Sángo
Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́

Ó wà. Ṣírò checksum (nọ́ńbà tí a ń rí láti inú báìtì wọn, tó ń fi hàn bóyá wọ́n pé) gbogbo àkọsílẹ̀ transaction, kí o fi sínú commit. Kọ gbogbo rẹ̀ papọ̀, flush lẹ́ẹ̀kan. Tí iná bá já kí gbogbo rẹ̀ tó dé, checksum ò ní bára mu, àtúnkà á mọ̀ pé transaction yẹn kò parí. ext4 ní irú rẹ̀, journal_async_commit ni wọ́n ń pè é.

Tí o bá ti ní checksum, o lè kọ inode sí ààyè rẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ọ́.

Adúrótì
Ọjọ́ Ajé, 8:33 alẹ́

Akọ̀wé, gbólóhùn rẹ tó gbẹ̀yìn léwu gan-an, ẹ má ṣe é. Checksum ń sọ bóyá log pé. Kò sọ fún káàdì pé log gbọ́dọ̀ ṣáájú. Tí o bá kọ inode sí ààyè rẹ̀ kí flush kan ṣoṣo yẹn tó parí, káàdì lè kọ́kọ́ fi inode sílẹ̀ kí log tó dé. Iná já, log ò pé, àtúnkà fò ó, inode tuntun wà níbẹ̀ tó ń tọ́ka sí block tí bitmap ṣì ní ó ṣófo.

Flush kan tó fún commit, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ lọ sí ààyè rẹ̀ kí flush yẹn tó dáhùn. Dátà fáìlì náà ńkọ́? Tí kò bá gba inú log kọjá, ó gbọ́dọ̀ ti dé orí káàdì, pẹ̀lú flush tirẹ̀, kí commit tó ń sọ gígùn tuntun fáìlì tó wọlé. Ohun tí data=ordered ń ṣe fún ext4 nìyẹn, òun sì ni ext4 ń lò bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ nǹkan. Tí òǹkà òjò yín bá kéré, ẹ kúkú fi dátà náà sínú log pẹ̀lú inode rẹ̀, flush kan á kárí méjèèjì.

Ìyá Sáfà
Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Adúrótì ti sọ ọ́ dáadáa.

Lórí mẹ́mórì: fi ààlà sí àtòkọ náà. Bí gígùn ẹ̀dà bá ti dé iye kan, ta á lọ sínú log láìdúró de aago. Gígùn yẹn wà lọ́wọ́ rẹ ná, o ti ń rò ó pọ̀ bí o ṣe ń ṣe ẹ̀dà. XFS náà ní ààlà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ohun tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà gbọ́dọ̀ kéré sí ìdajì log, kí èyí tó pé ṣáájú rẹ̀ má bàa di ohun tí èyí tó ń lọ lọ́wọ́ kọ lé lórí. Tí iná bá já láàárín, ọ̀kan tó pé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti kà.

Ohun mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ. Gba ààyè nínú log kí transaction tó bẹ̀rẹ̀. Má dúró dìgbà tó bá fẹ́ parí. Tí o bá ti yí inode padà nínú mẹ́mórì kí o tó rí i pé log ti kún, kò sí ibi tí o máa gbà. O ò lè kọ ọ́, o ò sì lè sọ pé o ò yí i padà. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ á sọ ohun tó pọ̀ jù tó lè nílò. Tí ààyè ò bá sí, á dúró, ìrù log á sún síwájú bí àwọn nǹkan àtijọ́ ṣe ń dé ààyè wọn, lẹ́yìn náà ni yóò wọlé. Oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ ní ìwọ̀n tó dájú, ìṣirò yẹn kò le.

Àpáta_Elẹ́rọ
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ nípa flush dá lórí pé káàdì ń sọ òótọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni láti tú irú nǹkan wọ̀nyí, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ káàdì olówó pọ́ọ́kú tó ń dáhùn "mo ti kọ ọ́" nígbà tí dátà ṣì wà lọ́wọ́ kọ́ńtírólà inú wọn. Àwọn mìíràn kì í ṣe iye GB tí wọ́n kọ sí wọn lára. Kí ẹ tó ra púpọ̀ ní Dùgbẹ̀, ẹ ra ẹyọ kan, ẹ kọ ọ́ kún, ẹ kà á padà, kí ẹ rí i pé ohun tí ẹ kọ lẹ rí.

Ẹ tún rántí pé inú káàdì, nǹkan ńlá ni wọ́n ń nù lẹ́ẹ̀kan, ó tóbi ju block 4096 lọ fíìfíì. Iná tó já nígbà tí káàdì ń tún inú ara rẹ̀ tò lè kan ibi tí ẹ ò fọwọ́ kàn rárá. Kò sí log tó lè gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn. Ohun tó lè gbà yín ni kapásítọ̀ tó tóbi díẹ̀ lórí ọ̀nà iná káàdì, àti wáyà tó ń sọ fún microcontroller pé fólítéèjì ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà náà, kó dẹ́kun kíkọ nǹkan tuntun, kó jẹ́ kí káàdì parí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ọ̀jọ́ọ̀
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:30 àárọ̀

Ẹ̀kọ́ ńlá ni mo rí kọ́ níbí. Àbúrò, ó ti yé mi báyìí pé ext4 kò lè wọ ibẹ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé kóòdù tuntun kò burú ju ti àtijọ́ lọ? Pípa iná lọ́wọ́ ò lè tó.

Mọ́kọ́lá_Kernel
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:12 àárọ̀

Ẹ kú ìbéèrè, sà. Ibi tí iná ń já sí lọ́wọ́, oríire ló ń yan án. Ẹ ṣe é lórí kọ̀ǹpútà.

Linux ní dm-log-writes, Josef Bacik ló kọ ọ́. Ó ń tọ́jú gbogbo kíkọ àti gbogbo flush bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, ẹ lè tún dísíìkì ṣe dé ibikíbi tí ẹ bá fẹ́ nínú wọn, kí ẹ wo ohun tí àtúnkà máa rí níbẹ̀. Ètò fáìlì tiyín kò sí nínú Linux, ṣùgbọ́n èrò náà rọrùn láti fara wé. Ẹ jẹ́ kí apá tó ń bá káàdì sọ̀rọ̀ di fáìlì lásán lórí kọ̀ǹpútà, kó máa to gbogbo kíkọ àti flush sínú àtòkọ. Lẹ́yìn náà, fún ibi kọ̀ọ̀kan nínú àtòkọ, ẹ ṣe bí ẹni pé iná já síbẹ̀. Ohun tó ti wà ṣáájú flush tó gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ mú díẹ̀, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, ẹ yí wọn po. Ẹ ṣe àtúnkà, ẹ wò ó bóyá bitmap àti inode bára mu.

Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ohun kan ṣáájú: fún kóòdù àtijọ́ àti tuntun ní iṣẹ́ kan náà láìlo CIL, kí ẹ fi log méjèèjì wéra báìtì sí báìtì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn tún kóòdù tò ni, kò gbọ́dọ̀ sí ìyàtọ̀ kankan. Tí wọ́n bá ti bára mu, ẹ wá mú kíkó ẹ̀dà pọ̀ wọlé lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Akọ̀wé_Sángo
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:40 àárọ̀

Adúrótì, mo ti rí i, o ṣé. Ẹ tún yẹra fún "ọ̀nà kúkúrú" tí ó máa ń wu èèyàn lẹ́yìn tí kóòdù bá ti rọrùn tán. ext4 ní fast commit láti Linux 5.10 ní ìparí 2020. Àyípadà kéékèèké nìkan ló ń kọ dípò odindi block, ó sì yára. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá lè gba ọ̀nà yẹn ṣì ń padà sí commit ńlá, ìyẹn ni pé irú àkọsílẹ̀ méjì ni àtúnkà gbọ́dọ̀ mọ̀. Èrè rẹ̀ pọ̀ fún sáfà. Fún ẹ̀rọ òjò, ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí ẹ ní.

ỌmọAgbowó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:55 alẹ́

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Function mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń ṣe ẹ̀dà lásán, header wà pẹ̀lú ẹ̀dà, gígé ti wà níbì kan ṣoṣo. Kóòdù ìṣirò header ti lọ pátápátá. Mò ń fi log àtijọ́ àti tuntun wéra lọ́wọ́ bí Mọ́kọ́lá ṣe sọ.

Ohun kan ló kù tí mi ò rí ìdáhùn sí. Log wa ń yípo, tó bá dé òpin á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Báwo ni àtúnkà ṣe máa mọ̀ ibi tó parí sí, kó má lọ ka àkọsílẹ̀ ìyípo tó kọjá tó ṣì pé, tí checksum rẹ̀ náà sì bára mu?

Ìyá Sáfà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:18 alẹ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Checksum nìkan ò lè dáhùn rẹ̀, torí àkọsílẹ̀ àtijọ́ náà pé ní ti tirẹ̀.

XFS ní nọ́ńbà ìyípo. Gbogbo ìgbà tí log bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà yẹn á fi ẹyọ kan pọ̀ sí i. Kí log tó lọ sórí dísíìkì, wọ́n á fi nọ́ńbà náà rọ́pò báìtì 4 àkọ́kọ́ nínú gbogbo sector báìtì 512, wọ́n á sì tọ́jú báìtì tí wọ́n yọ sínú header kí àtúnkà lè dá wọn padà. Ibi tí nọ́ńbà ti já wálẹ̀ láti tuntun sí àtijọ́, ibẹ̀ ni orí log, ibi tí kíkọ dé, wà. Kò sì sí pé o ń ka gbogbo log láti wá a. Wo àárín, tó bá jẹ́ nọ́ńbà tuntun, lọ síwájú, tó bá jẹ́ àtijọ́, padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, yẹ sector díẹ̀ tó wà ṣáájú ibẹ̀ wò, torí káàdì lè ti kọ èyí tó wà níwájú kó tó kọ èyí tó wà lẹ́yìn.

Tìrẹ lè rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fi nọ́ńbà ìtẹ̀léra tí kì í padà sẹ́yìn sínú header àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí checksum náà sì kà á mọ́ ohun tó ń ṣírò. Kọ nọ́ńbà ìrù log sí ààyè kan tó dúró. Àtúnkà á bẹ̀rẹ̀ láti ìrù, á máa retí pé kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fi ẹyọ kan ju ti ìṣáájú lọ. Níbi tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, kó dúró.

Ó ku káàdì tí ẹ bá tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ fún àgbẹ̀ mìíràn. Nọ́ńbà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan, àkọsílẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ sì ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Fún káàdì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tuntun nígbàkígbà tí ẹ bá tún un ṣe, kí checksum bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. jbd2 ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú crc32c (irú checksum kan) àti UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) rẹ̀, header log XFS náà sì ní UUID nínú. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ ò ní bára mu mọ́, ẹ ò sì ní láti nu gbogbo ààyè log kí ẹ tó gbé káàdì jáde.